Ìdàpọ̀ Láàrin Àwọn Onígbàgbọ́: Ẹgbẹ́ Àdúrà Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọ̀ràn Oògùn, 1918–1943

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá lò fún ìbáṣepọ̀ àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù, nínú orí kejì ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ni ìdàpọ̀. Wọn kò lo ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lo ìrẹ́pọ̀. Yíyàn yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ lè jáde, kí ẹgbẹ́ sì wà bí ó ti wà. Ẹni méjì tí ó rẹ́ lónìí lè jà lọ́la. Ṣùgbọ́n bí a bá da omi inú ìkòkò méjì pọ̀ sójú kan, kò sí ẹni tí ó tún lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àlùfáà ń pè lé ìjọ lórí nígbà tí ó bá ń súre ní ìparí ìsìn, tí ó ń tọrọ ìdàpọ̀ Ẹ̀mí Mímọ́ fún wọn. Ó ti mọ́ etí àwọn ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí yóò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Iṣẹ́ yìí yẹ ìtumọ̀ náà wò nínú ìtàn àwọn onígbàgbọ́ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àdúrà nínú ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918, tí ìrìn àjò wọn sì gbé wọn dé orúkọ Christ Apostolic Church ní 1943. Láàrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n já okùn tí ó so wọ́n pọ̀ mọ́ ìjọ mìíràn: wọ́n kúrò lábẹ́ ìjọ Áńgílíkà, wọ́n kúrò lẹ́yìn Faith Tabernacle ti Filadẹ́lífíà ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì pínyà pẹ̀lú Apostolic Church ti ilẹ̀ Bìrìtéènì. Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ nípa wọn. Ìwé tí J.D.Y. Peel kọ ní 1968 lórí àwọn Aládùúrà ṣì ni ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ lórí wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà. Ohun tí ó wọ́pọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí a máa wádìí ìdí tí àwọn ènìyàn fi wọlé: àjàkálẹ̀ àrùn, ọ̀wọ́n owó, àìgbọ́kànlé ìsìn òyìnbó. Èyí tí a kò fi bẹ́ẹ̀ bèèrè ni ohun tí ó so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti wọlé tán.

Ìdáhùn tí iṣẹ́ yìí mú wá ni pé kíkọ oògùn sílẹ̀ ni okùn náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ka kíkọ oògùn sílẹ̀ sí ẹ̀kọ́ kan lára àwọn ẹ̀kọ́ ìjọ náà, tí ó tò lẹ́yìn ìrìbọmi àti ìdámẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kọ oògùn kò ní ibòmíràn tí yóò sá sí nígbà tí ara rẹ̀ kò bá dá, àfi ọ̀dọ̀ àwọn tí ó jọ kọ̀ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti di ìdàpọ̀.

2. Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún lùkúlùkú

Ìsìn Kristi kò tíì pẹ́ ní Ìjẹ̀bú ní 1918. Kí ogun Ìmàgbọn tó ṣẹlẹ̀ ní 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ipá ṣí ọ̀nà ilẹ̀ náà sílẹ̀, àwọn Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí míṣọ́nnárì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ láàrin wọn. Lẹ́yìn ogun náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn yára di onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí. Nítorí náà, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí ìsìn yìí ti tàn káàkiri ibẹ̀. Àwọn tí ó rántí ayé ṣáájú ogun pọ̀ nínú ìjọ, àwọn tí a sì bí sínú ìgbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni.

Ìtàn ìjọ náà sọ pé àlá ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tí ń tọ́jú ilé ìsìn St. Saviour's, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Àlí, lá àlá pé ìjọ pín sí méjì: apá kan tóbi, ó sì ṣókùnkùn, apá kejì kéré, ìmọ́lẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ nítorí àdúrà. Ó sọ àlá rẹ̀ fún àlùfáà, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí péjọ láti máa gbàdúrà. Olórí láàrin wọn ni Joseph Ṣàdáre, alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹni tí ó níyì nínú ìjọ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń jókòó ní Sínọ́ọ̀dù. Ọ̀nà tí a ń gbà pa ìtàn àlá yìí yàtọ̀ síra láti ẹnu dé ẹnu, kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé lẹ́yìn ìpínyà ni a kọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí àwọn tí ń pa á ti mọ apá tí àwọn wà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó dà bí òótọ́: àlá náà kò rán ẹnikẹ́ni kúrò nínú ìjọ. Inú ilé kan náà ni òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹgbẹ́ kan tí yóò máa gbàdúrà fún àwọn yòókù ni wọ́n dá sílẹ̀, irú rẹ̀ sì pọ̀ nínú àwọn ìjọ Áńgílíkà nígbà náà. Àwọn Ìjẹ̀bú kò ṣe àjèjì sí ẹgbẹ́ dídá. Nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni àwọn ọjọ́ orí kan náà ti ń rìn pọ̀ láti ìgbà èwe.

Ní oṣù kẹsàn-án 1918, àrùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní influẹ́ńsà, tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa sì pè ní lùkúlùkú, gba orí omi wọ Èkó. Láti Èkó, ó bá ọ̀nà rélùwéè àti ọ̀nà ọjà lọ. Láàrin oṣù díẹ̀, iye tí àwọn onímọ̀ ṣírò pé ó kú ní Nàìjíríà sún mọ́ ìdajì mílíọ̀nù. Àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ni ó pa jù, èyí tí ó dẹ́rù ba àwọn ènìyàn ju iye òkú lọ. A ti ilé ìwé àti ilé ìsìn pa ní ọ̀pọ̀ ìlú kí àrùn má baà ràn. Àwọn dókítà ìjọba kò ní oògùn tí ó lè wò ó. Àgbo àti àgúnmu àwọn oníṣègùn kò sì ràn án.

Ní ìgbà yìí ni ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, dìde. Àrùn náà ti mú òun náà, ó sì yè é. Ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ bá òun sọ̀rọ̀ pé kí àwọn ènìyàn kọ oògùn gbogbo sílẹ̀, ti ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó, kí wọ́n sì lo omi òjò pẹ̀lú àdúrà. Ṣàdáre àti àwọn tirẹ̀ gbà á, òun àti wọn sì di ọ̀kan. Ẹgbẹ́ náà gba orúkọ Òkúta Iyebíye. A tún mọ̀ wọ́n sí Ẹgbẹ́ Dáyámọ́ǹdì.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí ọ̀rọ̀ Ọdúnlámì béèrè ní àkókò tí ó sọ ọ́. Oògùn tí ó ní kí wọ́n kọ̀ ti kùnà ná. Ilé ìsìn tí ìbá gbà wọ́n wà ní títì. Àwọn ẹbí tí ìbá tọ́jú aláìsàn wà ní ìdùbúlẹ̀, tàbí kí ẹ̀rù má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn. Ẹni tí ó kọ oògùn ní oṣù náà kò pàdánù ohun kan tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó rí gbà ni àwọn ènìyàn tí yóò wọlé tọ̀ ọ́ wá nígbà tí àwọn mìíràn ń sá. Lẹ́yìn tí àrùn lọ, tí ilé ìwòsàn tún ń wo ibà bí ó ti ń wò ó tẹ́lẹ̀, tí àgbo sì tún ń ṣiṣẹ́ níwọ̀n tirẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ náà kò padà sí i. Ohun tí ó jẹ́ ìpọ́njú ní 1918 di ẹ̀jẹ́ ní 1920.

3. Bíṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀jẹ́

Ìjọ Áńgílíkà kò lòdì sí àdúrà, kò sì lòdì sí ẹgbẹ́. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones ti Èkó dá sí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ó ká a lára ni pé àwọn ẹgbẹ́ náà gbójú lé àlá àti ìran, pé wọ́n ń kọ oògùn, àti ní pàtàkì pé wọn kò gba ìsàmì fún ọmọ ọwọ́ mọ́. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀rọ̀ ti fọ́ ní 1922. Ṣàdáre fi ipò rẹ̀ ní Sínọ́ọ̀dù sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn pàdánù iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ ìjọ. Àwọn mìíràn yọ ọmọ wọn kúrò ní ilé ìwé ìjọ. Ní ìlú tí ó jẹ́ pé lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé wà, ẹni tí ó bá yọ ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ń fi ọjọ́ iwájú ọmọ náà ṣe ìdógò.

Ọ̀ràn ìsàmì àti ọ̀ràn oògùn dà bí ohun méjì tí kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ara wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn òpìtàn kan ti tò wọ́n. Ṣùgbọ́n orí kókó kan náà ni wọ́n dúró lé. Ní ìlànà Áńgílíkà, a bí ènìyàn sínú ìjọ bí a ti bí i sínú agbo ilé. Ìsàmì jẹ́rìí sí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ìlànà àwọn ẹgbẹ́ yìí, kò sí ẹni tí a lè bí sínú ẹ̀jẹ́. Ènìyàn ní láti dé ọjọ́ orí tí yóò lè sọ pé, bí ibà bá mú òun lọ́la, òun kò ní fọwọ́ kan ìgò oògùn. Ìrìbọmi ni ẹnu ọ̀nà, ẹ̀jẹ́ sì ni ilé.

Ohun tí ẹ̀jẹ́ náà ṣe sí ìgbé ayé ojoojúmọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí ọmọ ìjọ Áńgílíkà bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ìyá rẹ̀ á se àgbo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wá dókítà lọ, ẹlòmíràn nínú agbo ilé á lọ bèèrè lọ́wọ́ babaláwo láìjẹ́ kí àlùfáà mọ̀, àlùfáà náà á sì wá gbàdúrà. Ìbẹ̀wò àwọn ará ìjọ jẹ́ ìfẹ́ tí a fi kún ìrànlọ́wọ́ tí ó ti wà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Ẹgbẹ́ Dáyámọ́ǹdì bá dùbúlẹ̀, gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ni òun fúnra rẹ̀ ti dí. Àwọn ẹbí á gbé àgbo wá, yóò kọ̀ ọ́. Bí ó bá kú, wọn yóò ní ìjọ ni ó pa á. Àwọn tí ó jọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ gbọ́dọ̀ dìde ní òru, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n gbàwẹ̀, kí wọ́n gbàdúrà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé kò rọ òun lọ́rùn, nítorí pé ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀. Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òwe náà ń sọ ti agbára. Ní ti àwọn ènìyàn wọ̀nyí, àìní ni ó kó ọwọ́ wọn jọ kí ó tó di agbára.

4. Ìdàpọ̀ tí ó wà lórí ìwé

Ní Èkó, akọ̀wé kan tí ń jẹ́ David Odùbánjọ ti ń ka ìwé ìròyìn kékeré kan tí ó ti Filadẹ́lífíà wá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sword of the Spirit. Ìjọ Faith Tabernacle ni ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ń kọ́ni pé Ọlọ́run nìkan ni ó yẹ kí onígbàgbọ́ wá ìwòsàn lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì lòdì sí ìsàmì ọmọ ọwọ́. Ipasẹ̀ Odùbánjọ ni àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde fi rí i pé àwọn kan wà ní òkè òkun tí ó gba ohun tí àwọn gbà. Wọ́n darapọ̀ mọ́ Faith Tabernacle, wọ́n sì gba orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀: àwọn ìwádìí Adam Mohr fi hàn pé ìwé ìròyìn kan náà àti àjàkálẹ̀ àrùn kan náà ni ó tan Faith Tabernacle káàkiri àwọn ibòmíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Gold Coast tí ó di Ghana lónìí pẹ̀lú.

Ẹnì kankan kò ti Filadẹ́lífíà wá sí Nàìjíríà. Létà ni ó ń lọ, ìwé ìròyìn ni ó ń bọ̀. Lórí ìwé, ìdàpọ̀ náà pé pérépéré. Kò sí gbólóhùn ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n kò jọ gbà. Ó sì wúlò: ó fún àwọn ènìyàn tí bíṣọ́ọ̀bù ti kà sí olóríkunkun ní ẹ̀rí pé àwọn kò dá wà. Àwọn akọ̀wé tí rélùwéè àti ìjọba ń gbé láti ìlú dé ìlú, àti àwọn oníṣòwò, gbé e lọ sí Ìbàdàn, sí Iléṣà, títí dé Zaria àti Jos. Ẹni tí a bá gbé lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin kan ní òkè Ọya, tí kò ní ẹbí níbẹ̀, á wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Àmọ́ ní 1925, ìròyìn dé pé ìjọ Filadẹ́lífíà ti yọ Ambrose Clark, olùṣọ́-àgùntàn tí àwọn ará Nàìjíríà ń bá kọ̀wé, nítorí ẹ̀sùn panṣágà. Clark kò gbà; ó kúrò, ó sì dá ìjọ mìíràn sílẹ̀. Létà apá méjèèjì ni ó wá ń wọlé. Ó yẹ kí a ro bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lójú àwọn olórí ní Èkó àti Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní láti dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tí wọn kò rí rí, lórí ẹ̀rí àwọn tí wọn kò rí rí, nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé tí wọn kò lè wọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè lọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnì kan kí ó wo ojú rẹ̀. Kí 1930 tó pé, okùn náà ti já. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni bí jíjá rẹ̀ kò ti mì ìjọ tó. Àwọn ìjọ kéékèèké wọ̀nyí ń bá ìṣọ́ òru wọn lọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ìdàpọ̀ tí ó wà láàrin wọn kò ti Filadẹ́lífíà wá, kò sì lè bá Filadẹ́lífíà lọ.

5. Iléṣà, 1930

Ní oṣù keje 1930, àwọn olórí Faith Tabernacle péjọ sí Iléṣà láti parí àríyànjiyàn ẹ̀kọ́ tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ láàrin wọn. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan dání, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwà, tí ó ti ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ títì fún ìjọba kí ó tó gbọ́ ìpè ní 1928. Ìpàdé tí a pè nítorí àríyànjiyàn ni ó di ìsọjí Òkè-Oòyè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń wá láti ìlú gbogbo fún ìwòsàn. Wọ́n gbé igbá omi wá kí ó lè súre sí i, wọ́n sì kó oògùn ìbílẹ̀ àti ère wọn sílẹ̀. Owó kòkó ti wálẹ̀ ní ọdún náà, ìyà sì pọ̀. Àwọn òpìtàn ti tẹnu mọ́ èyí tó. A kò mọ ohun tí ìpàdé náà ìbá fi àríyànjiyàn rẹ̀ ṣe bí Babalọlá kò bá wá.

Láti ìgbà yìí ni ìṣòro tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó wọlé ní 1930 kò wọlé bí àwọn ti Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀pọ̀ wá gba omi, wọ́n sì lọ. Àwọn tí ó dúró ni a ní láti kọ́ ní ẹ̀jẹ́ náà, wọ́n sì pọ̀ ju àwọn olùkọ́ wọn lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Ẹnì kan tí ó yẹ kí a dárúkọ níbi ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé ti Ìbàdàn. Òun ni ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí ó jáde ní 1911. Ó ti darapọ̀ mọ́ Faith Tabernacle kí ìsọjí tó dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alexander, jẹ́ àlùfáà Áńgílíkà, òun ni ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn ní 1952. Isaac di Olúbàdàn ní 1955, ó sì wà lórí oyè títí di 1964. Ọmọ ìyá méjì yìí kò sí nínú ìdàpọ̀ kan náà fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Èyí sì jẹ́ ìdáhùn fún àwọn tí ó sọ pé ìdílé ni àwọn Aládùúrà kàn gbé wọ inú ìjọ: ní ìdílé yìí, ẹ̀jẹ́ la àárín ọmọ ìyá.

6. Òyìnbó nínú ilé

Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ràn ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ní 1932, a fi Babalọlá sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ọ̀ràn àjẹ́ kan. Ṣáájú ìgbà náà ni àwọn olórí ti rí i pé ìjọ tí kò ní òyìnbó lẹ́yìn kò ní agboòrùn. Ìwé ìròyìn mìíràn tún ni wọ́n gbà dé ibẹ̀, Riches of Grace, tí Apostolic Church ní Bradford ń tẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1931, D.P. Williams, arákùnrin rẹ̀ W. Jones Williams, àti Andrew Turnbull gúnlẹ̀ sí Èkó. Wọ́n fi àwọn olórí jẹ oyè olùṣọ́-àgùntàn, wọ́n sì padà. Ní 1932, George Perfect àti Idris Vaughan dé láti máa gbé láàrin wọn.

Wọ́n jọ gba ìwòsàn àtọ̀runwá gbọ́. Èyí wà nínú ìwé àwọn méjèèjì. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé àwọn ajíhìnrere òyìnbó náà ń lo kuníìnì nítorí ibà. Nígbà tí a bi wọ́n, ìdáhùn wọn ni pé Ọlọ́run ń wòsàn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi oògùn ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí olúkúlùkù ṣe bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá ti tó.

Ọ̀rọ̀ yìí mọ́gbọ́n dání, kò sì sí ìkà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí ibà ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ míṣọ́nnárì ni wọ́n wá. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn. Lójú Perfect àti Vaughan, kuníìnì jẹ́ ọ̀ràn láàrin ènìyàn kan àti Ọlọ́run rẹ̀. Lójú àwọn tí ó ti ń ṣọ́ òru tì ara wọn láti 1918, ẹni tí ó mu kuníìnì ti ní ibòmíràn tí yóò sá sí. Kò nílò wọn mọ́ bí wọ́n ti nílò rẹ̀. Bí olúkúlùkù bá ń ṣe bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tó, ta ni yóò dìde ní ọ̀gànjọ́?

Àlàyé mìíràn wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Àwọn kan rí ìpínyà náà gẹ́gẹ́ bí apá kan ìjà fún òmìnira: ta ni yóò jẹ́ olórí, ta ni yóò di ilé ìjọ mú, orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé. Òótọ́ wà nínú èyí. Ọ̀ràn àṣẹ ń jẹyọ léraléra láàrin wọn, kò sì ṣeé ṣe kí àwọn bí Odùbánjọ, tí ó ti ń darí ìjọ kí òyìnbó kankan tó dé, gbà kí a máa pàṣẹ fún òun láìfọhùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn dúdú àti funfun nìkan ni, ìlà náà ìbá ti gbọ̀nà ibẹ̀ kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìpínyà dé ní 1939 sí 1941, àwọn Yorùbá púpọ̀ dúró pẹ̀lú Apostolic Church, ìjọ náà sì wà títí di òní. Àárín àwọn ènìyàn dúdú, nígbà mìíràn àárín ìjọ ìlú kan náà, ni ọ̀bẹ ti kọjá. Akínyẹlé, Odùbánjọ àti Babalọlá wà ní apá kan, orúkọ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943 ni Christ Apostolic Church.

A lè fi ìgbà méjèèjì wé ara wọn. Pẹ̀lú Filadẹ́lífíà, ẹ̀kọ́ bá ara mu, ìgbé ayé kò sì pàdé rí. Òkun ni ó pa àlàáfíà mọ́ fún wọn. Pẹ̀lú Bradford, a pàdé, a jọ jẹun, a jọ sùn ní ilé kan, ibẹ̀ ni ìgò oògùn ti hàn. Àwọn tí ó ń wá ìdàpọ̀ gbogbo ìjọ lónìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ẹ̀kọ́. Ìtàn yìí fi hàn pé ìfohùnṣọ̀kan lórí ẹ̀kọ́ lè pé tán kí ìdàpọ̀ má tíì bẹ̀rẹ̀.

7. Àwọn tí kò jẹ́ ẹ̀jẹ́

Ohun kan kù tí àwọn ìtàn tí ìjọ kọ nípa ara rẹ̀ kì í dúró lé lórí. Ẹ̀rí ìwòsàn ni ó kún inú wọn. Àwọn tí kò rí ìwòsàn kò fi ẹ̀rí sílẹ̀. Ibà kò yé pa ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá láàrin 1918 àti 1943, kò sì sí ìdí láti gbà pé ó yẹ ilé àwọn Aládùúrà sílẹ̀. Àgbàlagbà tí ó kú láìfọwọ́ kan oògùn kú nínú ẹ̀jẹ́ tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́, àwọn tí ó jọ jẹ́ ẹ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀ràn ọmọdé yàtọ̀. Ọmọ ọwọ́ kéré jù láti gba ìsàmì, nítorí pé kò lè gbà fúnra rẹ̀. Èyí ni wọ́n fi kúrò lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní 1922. Ṣùgbọ́n kò kéré jù láti ru ẹ̀jẹ́ àwọn òbí rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná. Bí ìlànà náà bá gún régé, ibi tí kò ti gún nìyí, kò sì dà bí ẹni pé àwọn tí ó ń gbé inú rẹ̀ kò rí i.

Ẹ̀rí pé wọ́n rí i ni àwọn ilé àgbẹ̀bí. Ìjọ náà kò kọ́ ilé ìwòsàn. Ilé ìbímọ ni ó kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsìn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú, ó sì ń kọ́ àwọn obìnrin láti ṣe agbẹ̀bí níbẹ̀. Abiyamọ tí kò fẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, tí kò sì lè padà sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ tí yóò fi àgbo wẹ ọmọ náà, ń lọ síbẹ̀. Kì í mú oògùn dání. Ó ń mú aṣọ, ọṣẹ àti omi àdúrà dání. Àwọn obìnrin ìjọ, tí kò bá a tan, tí wọn kò sì mọ̀ ọ́n rí nígbà mìíràn ju pé wọ́n jọ jókòó ní apá àwọn obìnrin lọ́jọ́ ìsinmi, á sùn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ọmọ yóò fi ké.